Ilé àmàlà tá a ti wo Cougars ní Bissonnet: oúnjẹ gidi, tẹlifíṣọ̀n apẹ́lẹ́yìn

Mi ò ní dárúkọ ilé oúnjẹ yìí o, torí mo ṣì fẹ́ máa jẹun níbẹ̀, màmá tó ni ín sì máa ń ka gbogbo ohun táwọn èèyàn bá kọ nípa ẹ̀ lórí fóònù. Ẹ ṣáà mọ̀ pé apá Bissonnet ní Houston níbí ló wà, àdúgbò tó jẹ́ pé téèyàn bá sọ òkò sọ́jà níbẹ̀, ará ilé ẹ̀ ló máa bà lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ògiri kan ló pín wọn. Ẹ má gbàgbé ògiri yẹn.

Ká kọ́kọ́ sọ ti oúnjẹ. Àmàlà wọn ò ní kókó, ó dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú, gbẹ̀gìrì wà, ewédú wà, ọbẹ̀ ata sì ta débi tí imú èèyàn á fi máa ṣomi. Dọ́là 18 ni àbùlà pẹ̀lú ṣàkì àti pọ̀ǹmọ́, tó o bá sì mọ bá a ṣe ń kí àgbà dáadáa, Màmá á fi bókótó ẹyọ kan lé e. Jollof wọn ò burú, àmọ́ mi ò lè torí ẹ̀ jó epo mọ́tò. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé wọ́n á ní ìṣẹ́jú 10, wàá jókòó fún ìṣẹ́jú 40, ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ á sì máa kọjá níwájú ẹ bí ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló mú mi kọ nǹkan yìí. Wọ́n ní ńlá kan lára ògiri, ibẹ̀ la ti wo tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì University of Houston, àwọn tí wọ́n ń pè ní Cougars, ní sáà 2024 sí 2025. Èmi o, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo mọ̀ látilé, básíkẹ́ẹ̀tì ò yé mi rárá, ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ ló fà mí lọ lọ́jọ́ Sátidé 25 oṣù January. Wọ́n lọ bá Kansas nílé ẹ̀ ní Lawrence lọ́jọ́ náà, ibi tí àlejò kì í ti í sábà rí nǹkan gbé lọ. Bọ́ọ̀lù wọ extra time, Kansas fi póìǹtì 6 ṣíwájú, sẹ́kọ́ńdù tó kù kò pé 20. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lápò, ni mo bá gbọ́ ariwo látọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n ń pariwo yéè, wọ́n ń gbá ògiri gbì gbì gbì. Mo wo tẹlifíṣọ̀n tiwa, Kansas ló ṣì ń fi 6 ṣíwájú, kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dì mí lápá mú, wọ́n ní, "Jókòó jàre, nǹkan ti ṣẹlẹ̀." Kò pẹ́ lóòótọ́, Emanuel Sharp, ọmọ Houston, ju three (jíjù ọ̀nà jíjìn tó ń mú póìǹtì mẹ́ta wá) wọlé, Kansas fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sínú pápá, Mylik Wilson ti Houston já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́, òun náà ju three, ó wọlé, wọ́n bá di ọgba. Ní extra time kejì, Houston jẹ ẹ́, 92 sí 86. Gbogbo ilé dìde, wọ́n ń jó, èmi nìkan ni mò ń wo ògiri yẹn pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀.

Àṣé kébù ni onígbàjámọ̀ ń lò, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Màmá ti ń wò ó. Tó bá jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ́kọ́ gé àwòrán yẹn sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà bíi mélòó kan, tẹlifíṣọ̀n tìẹ náà á tún kó díẹ̀ jọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ẹ́ kó má baà máa dá dúró lójú ọ̀nà, ibi ìkójọ yẹn gan-an ni àkókò ń bá lọ. Mo fi aago fóònù wò ó lọ́jọ́ kan, sẹ́kọ́ńdù 38 ni tiwa fi ń pẹ́ ju ti òdìkejì lọ. Tó bá jẹ́ tíìmù tó ń fi póìǹtì 30 na èèyàn lójoojúmọ́ ni, ta ló kàn? Àmọ́ tíìmù yìí, sẹ́kọ́ńdù tó gbẹ̀yìn ni gbogbo ayé wọn wà.

Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ò tiẹ̀ dáa. Nínú gémù 7 àkọ́kọ́, 3 ni wọ́n pàdánù, Auburn nà wọ́n, Alabama nà wọ́n, San Diego State náà tún nà wọ́n, méjì tó gbẹ̀yìn yẹn sì jẹ́ ní extra time. Látìgbà yẹn títí di oṣù April, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tún fìdí rẹmi, Texas Tech ló wá sílé wọn lọ́jọ́ kìíní oṣù February, póìǹtì kan péré ló fi jù wọ́n, 82 sí 81, extra time náà ni. Nínú gémù 20 ti Big 12, ìyẹn líìgì tí yunifásítì wọn wà, 19 ni wọ́n jẹ, wọ́n sì tún gba ife ti Big 12 ní Kansas City lé e. Kì í ṣe pé wọ́n ní ọmọ kan tí gbogbo ayé ń sáré tẹ̀ lé, dìfẹ́ńsì ni Kelvin Sampson, kóòṣì wọn, kọ́ wọn. Wọ́n á fún ẹ lọ́rùn, tó o bá gbé bọ́ọ̀lù dání, ọwọ́ mẹ́ta ló máa bá ẹ dì í, apá Joseph Tugler nìkan gùn bí òpó, J'Wan Roberts ò sì ga tó bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń gbá nípò yẹn ga, àmọ́ wàá rò pé wọ́n fi ìdí ẹ̀ gbilẹ̀ sábẹ́ agbọ̀n ni. Kò rẹwà láti wò. Ìyàwó mi wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní ìjà àwọn agbèrò ni.

Fọ́tò Hakeem Olajuwon wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí. Bàbá kan wà tó máa ń jókòó sábẹ́ ẹ̀, Alhaji la máa ń pè wọ́n, wọ́n ti pẹ́ ní Houston, wọ́n fojú ara wọn rí Olajuwon nígbà tó wà ní yunifásítì. Tó o bá bú Cougars níwájú wọn, o fẹ́ ìjà nìyẹn. Alhaji ló sọ fún mi pé ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1963 yìí, gólì ló ń mú nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́, kò tíì pẹ́ tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì rárá kó tó dé Houston ní 1980. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé wọn dé Final Four, ibi tó ti máa ń ku tíìmù mẹ́rin nínú ìdíje àpapọ̀ yunifásítì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, 1982, 1983, 1984, wọn ò sì gba ife kankan. Ti 1983 ló ń dun Alhaji jù. Wọ́n á gbé ṣíbí kalẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́. Houston àti NC State, 52 sí 52, aago ti fẹ́ẹ́ parí, ọmọ NC State kan ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò dé agbọ̀n rárá, ni Lorenzo Charles bá gbà á lófuurufú, ó kì í bọ inú agbọ̀n, ó tán. Wọ́n ṣì fún Olajuwon ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó gbá jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló pàdánù. "Ọlájuwọ́n lorúkọ ẹ̀, ọlá sì jù wọ́n lóòótọ́," Alhaji á wí, "àmọ́ ife yẹn ni wọn ò jẹ́ ó gbà." Ẹ bá sọ fún wọn pé ṣebí ó gba ti NBA, líìgì àwọn tó ń fi básíkẹ́ẹ̀tì jẹun, pẹ̀lú Rockets ti Houston ní 1994 àti 1995, wọ́n á ní ìyẹn ò kan àwọn.

Ìdíje àpapọ̀ yunifásítì inú oṣù March bọ́ sínú ààwẹ̀ lọ́dún 2025, ìgbà yẹn sì ni ilé oúnjẹ yìí dùn jù, mi ò lè purọ́. Dàbínù ọ̀fẹ́ lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà tó ṣì ń hó, tó o bá ṣínu tán wàá wá fẹ̀yìn ti. Ti SIU Edwardsville tí Houston kọ́kọ́ nà ò tó nǹkan tí à ń sọ, 78 sí 40. Gonzaga fún wọn ní wàhálà, àmọ́ L.J. Cryer ju póìǹtì 30, 81 sí 76. Ti Purdue ni Màmá wá hùmọ̀ ọgbọ́n. Mo ti sọ fún wọn tipẹ́ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí íntánẹ́ẹ̀tì yìí padà, onígbàjámọ̀ ń ba bọ́ọ̀lù jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé bọ́ọ̀lù lo wá jẹ ni àbí àmàlà?" Àmọ́ ní alẹ́ Fráìdè yẹn, tó ku díẹ̀ kó parí, tó jẹ́ pé 60 sí 60 ni, wọ́n wọ kíṣìnì, wọ́n tan bùlẹ́ńdà. Ata gidi ni wọ́n ń lọ o! Ariwo yẹn bo ògiri mọ́lẹ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan, Alhaji tún fọwọ́ méjèèjì di etí lé e. Milos Uzan ju bọ́ọ̀lù wọ pápá fún Tugler, ó sáré gba abẹ́ agbọ̀n, Tugler dá a padà fún un, ó fi sílé, sẹ́kọ́ńdù 0.9 ló kù. 62 sí 60. Ojú ara wa la fi rí i, ní àkókò tiwa. Mi ò rò pé ilé oúnjẹ kankan ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ ni wọ́n gbá ti Tennessee, àwọn èèyàn ti Yídì dé pẹ̀lú agbádá, ẹ ò ríbi jókòó. Póìǹtì 15 péré ni Tennessee rí jù ní háfù àkọ́kọ́. A ò nílò bùlẹ́ńdà lọ́jọ́ náà, 69 sí 50.

Ti Duke, Final Four ní San Antonio, Sátidé 5 oṣù April. Duke fi póìǹtì 14 ṣíwájú nígbà tó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 8, àwọn kan ti gba ìdì oúnjẹ wọn, wọ́n ti lọ, títí dòní wọn ò tíì dárí ji ara wọn. Ó ku sẹ́kọ́ńdù 35, Duke ṣì fi 6 ṣíwájú. Màmá ti tan bùlẹ́ńdà. Sharp ju three. Houston tún gba bọ́ọ̀lù, Wilson jù ú, kò wọlé, Tugler gbà á lókè ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú agbọ̀n. Duke gba free throw (jíjù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀), ó tàsé. Cooper Flagg ti Duke fọwọ́ kan Roberts níbi tí wọ́n ti ń du bọ́ọ̀lù, rẹfirí fọn fèrè, Roberts ju méjèèjì wọlé, 68 sí 67, Flagg fẹ́ fèsì, kò wọlé, Cryer tún fi méjì lé e. 70 sí 67! Ìgbà tí Màmá fi máa pa bùlẹ́ńdà, ata náà ti di omi. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi sè lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi ò jẹ irú ẹ̀ rí, àyà ló fi ń ta.

Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn pé ti fáínà máa wà lórí CBS, pé ọ̀fẹ́ ni CBS, áńtẹ́nà kékeré ojú fèrèsé ti tó, kò ní pẹ́ tó ti íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Mọ́ńdè 7 oṣù April, Houston àti Florida. Onígbàjámọ̀ kì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ṣí. Kò sí áńtẹ́nà. Ọmọ Nàìjíríà wà lọ́dọ̀ Florida náà, Rueben Chinyelu, tábìlì kan ní igun sì sọ pé òun làwọn ń bá lọ, Alhaji ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Houston fi 31 sí 28 lọ sí háfù táìmù, Walter Clayton ti Florida tó ti ń dá àwọn èèyàn lóró látọjọ́ yìí wá kò tíì ju póìǹtì kan, nígbà tó yá Houston fi 12 ṣíwájú, Màmá fúnra wọn bá jáde ní kíṣìnì, wọ́n bọ́ épírọ́ọ̀nù, wọ́n wá jókòó ti Alhaji. Ẹ̀yin náà ti rí ibi tó ń lọ. Florida bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ bí ìkán ṣe ń jẹ igi, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di 65 sí 63, sẹ́kọ́ńdù 19 ló kù, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Houston. Kò sẹ́ni tó wà ní kíṣìnì tó máa lọ ata. Gbogbo wa wá dákẹ́, etí wa wà lára ògiri, a ń retí kí wọ́n gbá a.

Wọn ò gbá a. A gbọ́ tí àga kan há nílẹ̀, lẹ́yìn náà a gbọ́ ilẹ̀kùn wọn tó ṣí. Lójú tẹlifíṣọ̀n tiwa, Sharp ò tíì rí bọ́ọ̀lù gbà. Alhaji na ọwọ́, wọ́n mú fìlà wọn lórí tábìlì, wọ́n dé e. A wá jókòó wo Sharp tó fò sókè láti ju three, tí Clayton fò wá bá a, tó jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, tí kò sì lè fọwọ́ kàn án mọ́ torí òfin ò gbà kí ẹni tó fò sókè tó jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù tún kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ó kàn dúró, bọ́ọ̀lù ń ta níwájú ẹ̀.

Oúnjẹ, ìràwọ̀ 4 nínú 5. Tẹlifíṣọ̀n, 1, ìyẹn náà torí bùlẹ́ńdà ni. Páàkì ò tó, ẹ gbé mọ́tò sẹ́yìn, ẹ má gbé e síwájú onígbàjámọ̀, ó ń bínú. Puff-puff kì í kọjá aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kó tó tán. Mo yà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti ra áńtẹ́nà, ó ṣì wà nínú páálí ẹ̀, wọ́n fi ti ilẹ̀kùn kíṣìnì kó má baà máa pa dé.