Àsẹ́ fóòmù olórí méjì àti pọ́ǹpù oníbátìrì fún àpótí ẹja tó ní edé

Bí ẹ bá ń sin edé pọ̀ mọ́ ẹja kéékèèké nínú àpótí onígíláàsì, tí ilé náà sì wà ní Òṣogbo níbi tí iná lè lọ láàárọ̀ kó má padà dé títí ilẹ̀ á fi ṣú, àsẹ́ tó yẹ kí ẹ rà ni àsẹ́ fóòmù olórí méjì pẹ̀lú pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ní bátìrì nínú. Òun la yẹ̀ wò níbí. Ó tó owó rẹ̀ dáadáa, nítorí kò sí àsẹ́ tó ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ mú edé bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tà á kò pé. Ohun kan tó yẹ kó wà nínú páálí kì í sí níbẹ̀, ohun mìíràn sì wà nípa pọ́ǹpù rẹ̀ tí ẹni tó ń tà á kì í sọ, èyí tó lè pa gbogbo edé inú àpótí láàárín òru kan.

Inú páálí ni ẹ ó ti bá fóòmù dúdú méjì, ìdí wúwo tó ń mú un jókòó sísàlẹ̀ omi, ọ̀pá oníke kan tó dúró láàárín wọn, àti imú kékeré tí rọ́bà afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní awo. Pọ́ǹpù á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀pá, afẹ́fẹ́ á máa hó gòkè, omi inú ọ̀pá á fúyẹ́ ju ti ìta lọ, á bá a gòkè, omi mìíràn á sì gba inú fóòmù wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Kò sí mọ́tò nínú omi, kò sí ohun tó ń yí.

Ohun tí edé ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ọmọ edé pupa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Neocaridina davidi, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Ìyá rẹ̀ á ti gbé ẹyin bíi 20 sí 30 sábẹ́ ikùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á máa fi ẹsẹ̀ fẹ́ omi sí wọn lára tọ̀sán-tòru. Ó máa ń dunni púpọ̀ tí àsẹ́ alámọ́tò tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn àpótí bá fa gbogbo wọn wọlé, nítorí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ara wọn lọ. Fóòmù kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ó tún ń bọ́ wọn: kòkòrò àìfojúrí àti èérún oúnjẹ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára ni ọmọ edé ń ṣà jẹ kó tó lágbára láti wá oúnjẹ lọ síbòmíràn. Nínú àpótí tí fóòmù rẹ̀ ti gbó, ara fóòmù ni ẹ ó ti máa rí edé jù.

Gbogbo fóòmù kọ́ ló rí bákan náà o. Èyí tí ihò rẹ̀ tó 20 sí 30 nínú ínǹṣì kan ló dára. Ìdọ̀tí á dúró, omi á sì máa kọjá. Èyí tí ihò rẹ̀ wẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ á kọ́kọ́ mú omi mọ́ gaara, kò sì ní í pẹ́ tí á fi dí pa. Wọn kì í sábà kọ iye ihò sára páálí, nítorí náà ẹ dán an wò nígbà tó ṣì gbẹ: ẹ fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Tí èémí bá kọjá wẹ́rẹ́ sí ọwọ́ tí ẹ gbé sí òdì kejì, ẹ rà á. Tó bá gba agbára kó tó kọjá, ẹ dá a padà. Ẹ yẹra fún oríṣi tó ń lo rọ́bà láti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ooru wa máa ń mú rọ́bà yẹn le, àsẹ́ á já bọ́, á sì léfòó. Onídìí wúwo ni kí ẹ béèrè.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́, kí ọṣẹ má kàn án rárá, kí ẹ sì máa fún un lábẹ́ omi títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi tán. Fóòmù tuntun tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ kò ní í jókòó. Ẹ jẹ́ kí orí ọ̀pá rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan ojú omi, nítorí bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó lábẹ́ omi ni omi tó ń gbé sókè ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ ra òkúta afẹ́fẹ́ kékeré kan, ẹ fi sẹ́nu rọ́bà nínú ọ̀pá: afẹ́fẹ́ á máa jáde wẹ́wẹ́, ariwo á dín kù, iṣẹ́ á sì pọ̀ sí i. Fún àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 36, èyí tó ń gba nǹkan bí lítà 60, àsẹ́ kan ṣoṣo tó.

Ẹ má da edé sí i lọ́jọ́ náà. Fóòmù tuntun kò tíì ní àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ammonia, oró tó ń ti inú ìgbẹ́ ẹja àti edé wá, di nitrite, tí wọ́n sì ń sọ nitrite di nitrate. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tó ní àpótí àtijọ́ lè ki fóòmù tuntun sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbé e bọ́ sí ti edé. Ammonia àti nitrite gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo lórí ìdánwò kí edé tó wọlé, kí ẹ sì fi 10 sí 15 bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ló gùn. Okùn USB ni wọ́n ń fi so ó mọ́ iná. Tí iná bá wà, á máa ṣiṣẹ́, á sì máa gba ṣáàjì. Tí iná bá lọ, ó yẹ kó bọ́ sórí bátìrì fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì. Irú ìyẹn kò wúlò fún ẹni tó ti sùn tàbí tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná níwájú ẹni tó ń tà á. Tó bá dákẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Bátìrì 2,000 mAh tó jẹ́ 3.7 V ní agbára wáàtì-wákàtí 7.4 péré. Pọ́ǹpù tó ń jẹ wáàtì 1 á fi ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 6, torí díẹ̀ máa ń ṣòfò. Tí wọ́n bá wá kọ wákàtí 20 sára páálí irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ètò tí pọ́ǹpù fi ń fẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí á sì sinmi ni wọ́n ń sọ. Ètò náà kò burú, ó tó láti gbé edé dé òwúrọ̀. Níbi tí iná ti lè lọ fún odidi ọjọ́ kan, ẹ so power bank 10,000 mAh mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lọ́sàn-án o, torí àwọn power bank kan máa ń pa ara wọn tí ohun tó ń mu iná lára wọn bá kéré jù.

Ooru ló jẹ́ kí a máa tẹnu mọ́ èyí. Omi tó wà ní 20°C lè gba oxygen bíi mìlígíráàmù 9 nínú lítà kan; tó bá di 30°C, kò ju nǹkan bíi 7.5 lọ mọ́. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, omi àpótí nínú yàrá tí kò ní fáànù lè sún mọ́ 30°C lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ 20 sí 26 ló tu edé pupa lára. Lóru, koríko omi pàápàá ń mu nínú oxygen náà. Tí afẹ́fẹ́ bá dúró, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú fóòmù á lo èyí tó wà nítòsí wọn tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú; tí iná bá dé, omi tó ti bàjẹ́ nínú fóòmù á tú jáde sí edé lórí. Tí pọ́ǹpù bá ti dákẹ́ fún odidi ọjọ́ kan, ẹ yọ fóòmù, ẹ fún un dáadáa nínú omi àpótí tí ẹ bù sínú báákẹ́tì, kí ẹ tó tan pọ́ǹpù padà.

Ohun tí kì í sí nínú páálí ni fáàfù kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá tí kì í jẹ́ kí omi padà. Tí pọ́ǹpù bá wà nísàlẹ̀ ju ojú omi lọ, tó sì dákẹ́, omi lè gba inú rọ́bà padà wá, á wọ inú pọ́ǹpù, á sì dé ibi iná. Ẹ rà á lọ́tọ̀, ẹ gé rọ́bà, ẹ fi sáàárín. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu fẹ́ ẹ kí ẹ lè mọ ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ rú, pọ́ǹpù á kàn máa ké lásán ni. Kódà pẹ̀lú fáàfù, ẹ gbé pọ́ǹpù sókè ju ojú omi lọ tí àyè bá wà.

Èyí tí ẹni tó ń tà á kì í sọ wá ni pé afẹ́fẹ́ inú yàrá ni pọ́ǹpù ń fà, ohunkóhun tó bá sì wà nínú afẹ́fẹ́ náà ló ń tú sínú omi. Nílé tí wọ́n ti ń fín òògùn ẹ̀fọn ní alaalẹ́, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Pyrethroid tó wà nínú ọ̀pọ̀ òògùn alágolo àti kọ́ìlì ẹ̀fọn ń pa edé ní ìwọ̀n tó kéré gan-an, nítorí ìbátan kòkòrò ni edé. Ẹja inú àpótí kan náà lè máa lúwẹ̀ẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Edé ni ẹ ó rí tó ń sáré kiri, tó ń yí gbirigbiri, tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé pọ́ǹpù lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Ohun tó sàn jù ni kí ẹ má fín òògùn kankan nínú yàrá tí àpótí wà. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì lásán sójú fèrèsé. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pín ní ọsibítù kò yẹ fún bíbo àpótí, kò sì yẹ fún kíkó edé, nítorí wọ́n ti fi irú òògùn yẹn sí i lára. Ẹ má sì jẹ́ kí pọ́ǹpù wà nítòsí fèrèsé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé.

Àsẹ́ yìí kì í yọ chlorine, òògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àìfojúrí nínú omi ẹ̀rọ. Omi ẹ̀rọ tó ń wá láti adágún Erinlẹ̀, ẹ gbé e sínú báákẹ́tì tí kò ní ìdérí fún wákàtí 24, kí òkúta afẹ́fẹ́ máa hó nínú rẹ̀. Kì í sì í fi kálísíọ́mù sómi, bẹ́ẹ̀ omi kànga tó ń jáde láti inú òkúta ilẹ̀ wa lè rọ̀ jù fún edé. GH, ìyẹn ìwọ̀n kálísíọ́mù àti magnesium inú omi, 6 sí 8 ni ẹ máa wá lórí ìdánwò. Tó bá kéré sí i, edé kò ní lè bọ́ ìkarahun àtijọ́ sílẹ̀. Ẹ ó rí ìlà funfun yí ọrùn rẹ̀ ká, á sì kú. Ìkarahun òkun tí àwọn olóúnjẹ adìyẹ ń tà fún adìyẹ tó ń yé ló pọ́ọ́kú jù láti fi tún un ṣe: ẹ fọ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ dì í sínú àpò oníhò, ẹ gbé e síbi tí omi ti ń tú jáde lórí ọ̀pá. Ewé igi fúrúùtù (Terminalia catappa) tó ti gbẹ, tó sì pọ́n, dára fún edé láti máa jẹ. Ewé kan tó fún àpótí lítà 60, bí kò bá ti ẹ̀gbẹ́ títì tàbí oko tí wọ́n ń fín òògùn sí wá. Ẹ má bu omi Ọ̀ṣun sí i. Ìwakùsà góòlù lókè odò ti sọ omi náà di ẹrẹ̀, irin inú irú omi bẹ́ẹ̀ kò sì bá edé lára mu. Ẹja àti edé inú Igbó Ọ̀ṣun, èèwọ̀ ni láti mú wọn.

Àsẹ́ fóòmù kò bá gbogbo edé lára mu. Atya gabonensis, edé ńlá tó wà nínú àwọn odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ń fi ọwọ́ bí abẹ̀bẹ̀ gba oúnjẹ nínú omi tó ń ṣàn, ebi á pa á síwájú fóòmù, torí ìṣàn rẹ̀ kò lágbára tó. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ti omi kún un. Ní ti ẹja, kò sí àsẹ́ tó lè gba edé lọ́wọ́ ẹja alápanirun: Pelvicachromis pulcher, ẹja ilẹ̀ wa tó rẹwà gan-an, á jẹ ẹ́, góòlùfíìṣì náà á jẹ ẹ́. Guppy á kàn ṣa ọmọ wẹ́wẹ́ jẹ ni, nítorí náà ẹ gbin Java moss, koríko omi kan, nípọn yí ìdí àsẹ́ ká.

Fífọ rẹ̀ ni orí méjì ti wúlò jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4, tàbí tí hóhó inú ọ̀pá bá ti rọ̀, ẹ fọ fóòmù kan ṣoṣo, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí má bàa tán lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tí ẹ bù nínú àpótí ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Chlorine inú omi ẹ̀rọ á pa wọ́n. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ lábẹ́ omi kí ọmọ edé tó rọ̀ mọ́ ọn lè sá, kí ẹ sì yẹ ìdí báákẹ́tì wò dáadáa kí ẹ tó da omi rẹ̀ nù.

Bí ẹ bá ń rà á láti Èkó tàbí Ìbàdàn tí wọ́n sì fi ọkọ̀ rán an wá sí Old Garage, ẹ ní kí wọ́n fi fóòmù àfirọ́pò méjì kún un. Fóòmù tó bá ti pẹ́ máa ń rọ̀, á sì máa ya wẹ́wẹ́ tí ẹ bá ń fún un. Ihò oríṣi kọ̀ọ̀kan kì í sì í bá ọ̀pá oríṣi mìíràn mu. Ẹni tí kò ní àfirọ́pò tó bá èyí tó tà fún yín mu, ẹ má ra tọwọ́ rẹ̀.