Ẹ̀gbà Ọwọ́ Fàdákà Mi àti Alágbẹ̀dẹ Tó Mọ Iná Lò

Alágbẹ̀dẹ méjì ló ti fi iná kan ẹ̀gbà ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n èkejì nìkan ni mo lè júwe ilé rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n tẹ 925 sí inú ẹ̀gbà náà, ìyẹn ni pé nínú ìdá 1,000, 925 jẹ́ fàdákà, bàbà ló sì sábà máa ń jẹ́ 75 tó kù, nítorí pé fàdákà ògidì rọ̀ jù fún ohun tí ènìyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́.

Alágbẹ̀dẹ àkọ́kọ́ fi iná sun ún títí ó fi pọ́n, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀ sípò, ó sì fi í sílẹ̀ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Ó ń dán gbinrin, àmọ́ kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi rí i pé ìka méjì péré tó láti ya ẹnu rẹ̀.

Ọ̀gá kejì mú un gbóná dé nǹkan bíi 750°C, níbi tí bàbà ti ń yọ́ mọ́ fàdákà lára bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ mọ́ omi, ó sì fi ẹ̀mú jù ú sínú omi lójú ẹsẹ̀ kí bàbà má baà ráyè yà kúrò. Ẹ̀gbà náà rọ̀ nígbà yẹn, ó sì fi òòlù onígi tò ó níṣojú mi. Lẹ́yìn náà ló tì í sínú ààrò oníná mànàmáná, ní 300°C, fún wákàtí kan. Ó ní, “Ibi tó ti ń le nìyí o, mà.” Ooru yìí ń mú kí bàbà kóra jọ ní wórówóró tí ojú kò lè rí, tí wọn kì í jẹ́ kí fàdákà náà yẹ̀ bọ̀rọ̀, líle rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí ó bá tutù díẹ̀díẹ̀, tàbí tó pẹ́ jù nínú ààrò, wóró náà á tóbi, á sì ṣọ̀wọ́n, fàdákà á tún rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dá mi dúró kọjá àdéhùn, àbàwọ́n dúdú kan sì wà nínú ẹ̀gbà náà tí álọ́ọ̀mù, iyọ̀ tí wọ́n fi ń fọ fàdákà, kò ṣí tán. Ẹni tí tirẹ̀ bá ní ojú ìjó, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fi iná jó o pọ̀, ní láti sọ fún un ṣáájú, nítorí pé ooru àkọ́kọ́ yẹn lè tú u. Tèmi ti lo oṣù mẹ́rin báyìí, ẹnu rẹ̀ kò tíì yà.