Kámẹ́rà Wo, Lẹ́ǹsì Wo? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ya Òjò Ìràwọ̀ ní Agbègbè Òṣogbo

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ọjọ́ tí ẹ máa lò ó. Òjò ìràwọ̀ Perseids máa ń pọ̀ jù ní 12 sí 13 oṣù kẹjọ, àmọ́ kùrukùru ló máa ń bo ojú ọ̀run Òṣogbo lásìkò yẹn. Geminids, òjò ìràwọ̀ míì, ni tiwa. Alẹ́ 13 mọ́jú 14 oṣù kejìlá ló máa ń pọ̀ jù, àsìkò òjò ti lọ nígbà náà, ibi tí àwọn ìràwọ̀ náà ti ń wá á ti yọ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, á sì ga jù láàárín aago méjì sí mẹ́ta òru. Ní 2026, òṣùpá á ti wọ̀ kó tó di ọ̀gànjọ́. Eré Geminids tún kéré sí ti Perseids: kìlómítà 35 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, nígbà tí ti Perseids jẹ́ 59. Ìdí nìyẹn tí ìlà wọn fi máa ń hàn ketekete nínú fọ́tò.

Ìràwọ̀ tó ń já kì í sábà pẹ́ ju sẹ́kọ́ǹdì kan lọ. Bí ẹ bá ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún sẹ́kọ́ǹdì 30, èyí kò ní mú kí ìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, torí ó ti kọjá lọ. Ẹnu lẹ́ǹsì tó fẹ̀ ló ń gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, bí agbada ṣe ń gba omi òjò ju ìgò lọ. Nítorí náà, ẹ má kó gbogbo owó lé ara kámẹ́rà.

Fóònù

Google Pixel 4 (2019) àti àwọn tó tẹ̀ lé e ní ètò ìràwọ̀ tó máa ń ya tó fọ́tò 15, sẹ́kọ́ǹdì 16 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Fún Milky Way, ìyẹn ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó dà bí ọ̀nà funfun lójú ọ̀run, ó dára gan-an. Fún ìràwọ̀ tó ń já, ìlà tó wà nínú ẹyọ kan péré á ti ṣá nígbà tí fóònù bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí fóònù lẹ ní, ẹ ra tírípọ́ọ̀dù fún un, ẹ má tíì ra nǹkan míì.

Canon 600D àti Canon 6D

600D (2011) ni tòkunbọ̀ tí owó rẹ̀ rọjú. Ojú rẹ̀ ẹ̀yìn ṣe é yí, èyí sì wúlò púpọ̀ nígbà tí kámẹ́rà bá ń wo òkè. Lẹ́ǹsì 18-55mm (bí mm bá ṣe kéré sí, ojú ọ̀run tó ń rí á fẹ̀ sí i) tó máa ń bá a wá kò ju f/3.5 lọ; nọ́ńbà f ni ìwọ̀n ẹnu lẹ́ǹsì, bó bá ṣe kéré sí, ẹnu náà á fẹ̀ sí i. Ó ṣeé fi kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó bá mọ́lẹ̀ gan-an nìkan ló máa mú.

Lórí 600D kan náà, Sigma 18-35 f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti f/3.5. Ó wúwo, ó tó giráàmù 810, tírípọ́ọ̀dù tí kò lágbára á máa mì lábẹ́ rẹ̀.

6D (2012) ní sẹ́ńsọ̀ ńlá, ìyẹn ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà; ariwo inú àwòrán rẹ̀ (àwọn tóótòòtó tí kò yẹ kó wà níbẹ̀) kéré ní ISO 3200. ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ ga tó. Pẹ̀lú Samyang 14mm f/2.8, ojú ọ̀run tó ń rí fẹ̀ tó dígírì 104 sí 81, nígbà tí 600D ní 18mm ń rí 63 sí 45 péré. Ìràwọ̀ púpọ̀ á gba ojú rẹ̀ kọjá, òkè àti igi á sì wọlé dáadáa. Àwọn tí kò mọ́lẹ̀ tó ni Sigma á mú jù ú lọ.

Bó bá jẹ́ lẹ́ǹsì kan ṣoṣo lẹ lówó rẹ̀, ẹ ra Samyang. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí 600D, yóò sì bá yín dé orí 6D. Lẹ́ǹsì 18-55 kò wọ 6D rárá, Sigma náà á sì mú kí igun fọ́tò ṣókùnkùn. Ọwọ́ lẹ máa fi yí òrùka Samyang kí àwòrán tó mọ́ kedere, àmì tó wà lára rẹ̀ kì í sì í sábà tọ́: ẹ wo Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lóru, lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹ fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ yí òrùka náà títí ìràwọ̀ náà yóò fi kéré jù, kí ẹ wá fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa.

Ohun kéékèèké tó ń ba iṣẹ́ jẹ́

Wáyà ríímóòtù kan náà ló wọ kámẹ́rà méjèèjì. Èyí tó ní bọ́tìnnì tó ń há ti tó: ẹ fi kámẹ́rà sí yíyà léraléra, RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀ bíi JPEG), sẹ́kọ́ǹdì 20, ISO 3200 fún f/2.8 tàbí 1600 fún f/1.8, kí ẹ há bọ́tìnnì náà. Pẹ̀lú Sigma lórí 600D, ẹ dín in kù sí sẹ́kọ́ǹdì 15, kí àwọn ìràwọ̀ tó dúró má baà fà. Ẹ pa ètò tó ń dín ariwo fọ́tò gígùn kù, torí lẹ́yìn ogún sẹ́kọ́ǹdì, á tún fi ogún míì ya òkùnkùn, ìdajì òru á sì lọ lásán. Fọ́tò 170 ní wákàtí kan ń gba nǹkan bíi 4GB lórí 600D, torí náà káàdì 32GB ni kẹ́ ẹ rà, pẹ̀lú bátìrì méjì ó kéré tán.

Níwájú ẹni tó ń ta tòkunbọ̀, ẹ dé lẹ́ǹsì, ẹ ya fọ́tò sẹ́kọ́ǹdì 30 ní ISO 3200, kí ẹ fẹ̀ ẹ́. Àmì pupa àti búlúù díẹ̀ kò burú. Bí ìlà gígùn bá là á já, ẹ dá a padà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀yìn lẹ́ǹsì: fọ́nrán funfun tẹ́ẹ́rẹ́ túmọ̀ sí pé ó ti bu nínú, ọ̀rinrin àsìkò òjò ló sì máa ń fà á.

Àwọn òkè Ìràgbìjí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú, torí iná Òṣogbo á wà lẹ́yìn yín bí ẹ bá kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn. Ẹ sọ fún àwọn ará ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má sì dá lọ. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, eruku á sọ ìsàlẹ̀ ọ̀run di funfun. Ẹ gbé kámẹ́rà sókè sí i, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta, ẹ sì fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku náà dànù, ẹ má fi aṣọ nù ún.