Ọjà São Joaquim ní Salvador: ẹ lọ síbẹ̀ nítorí ìyeyè

Bí ẹ bá dé Salvador ní Bahia, tí ẹ sì fẹ́ mọ bí èso ilẹ̀ Bràsíl ṣe rí lẹ́nu gan-an, ọjà São Joaquim ni kí ẹ lọ. Mo ti jẹ èso ní òtẹ́ẹ̀lì, mo ti rà á ní ilé ìtajà ńlá, mo sì ti mu omi èso létí òkun ní Barra. Kò sí èyí tó sún mọ́ ohun tí mo tọ́ wò ní ọjà yìí. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn èso tó dára jù níbẹ̀ kì í lè rìn jìnnà. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó bàjẹ́, nítorí náà omi èso dídì inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ wọn ti dà kí ilé ìtajà ńlá tó gbé wọn sórí àtẹ.

Ìsàlẹ̀ ìlú ni ọjà náà wà, létí omi Baía de Todos os Santos, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò lọ sí erékùṣù Itaparica. Láti Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tó wà lókè ìlú, ẹ wọ ẹ̀rọ agbéniròkè Lacerda, tó ti wà láti 1873, kó gbé yín sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì wọ tasín láti ibẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ ti dé bí ẹ bá rí Mercado Modelo nísàlẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọnà fún àlejò ló pọ̀ níbẹ̀. Ní São Joaquim, àwọn ará ìlú ló ń ná ọjà wọn. Ọjà Água de Meninos tó wà nítòsí ni wọ́n ń ná tẹ́lẹ̀, kí iná tó jó o ní 1964. Ní agbègbè Água de Meninos yìí náà ni àwọn Ìmàle, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ti ja ìjà wọn tó kẹ́yìn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, nígbà tí wọ́n dìde sí àwọn tó ń mú wọn sìn. Mi ò lè kọjá níbẹ̀ kí n má dúró.

Bí ẹ bá wọlé, obì, orógbó, epo pupa, edé gbígbẹ, ìkòkò amọ̀ àti ewé oríṣiríṣi ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ẹ rọra wò wọ́n, kí ẹ wá lọ sí ìdí àwọn eléso.

Cajá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Ìyeyè ni. Kì í ṣe èso tó kàn fara jọ ọ́ o, igi kan náà tó ń wù lẹ́yìn ilé wa ni. Ó pọ́n rúsúrúsú bẹ́ẹ̀, kóró rẹ̀ tóbi bẹ́ẹ̀, òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ rárá. Níbi tí mo ti dàgbà, ọmọdé ló ń ṣa á jẹ, ewúrẹ́ á jẹ ìyókù, àgbà tí ẹ bá sì rí lábẹ́ igi náà, ewé tàbí èèpo tí yóò fi ṣe àgbo ló bá wá. Ní São Joaquim, ó wà lórí àtẹ, àwọn èèyàn ń ná an. Ìyá kan tó ń ta omi èso da ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan sínú omi, ó fọwọ́ fọ́ ọ títí ara rẹ̀ fi bọ́ kúrò lára kóró, ó sẹ́ ẹ, ó fi ṣúgà díẹ̀ àti yìnyín sí i. Kíkan rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi, lẹ́yìn náà ni adùn dé, kí òórùn rẹ̀ tó gba ọ̀fun bọ́ sí imú. Mo ní kó tún fún mi sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ń fi ìyeyè yìí ṣe áísìkirímù ní gbogbo Salvador, wọ́n ń pò ó mọ́ ọtí, àwọn ilé oúnjẹ sì ń ra èyí tó ti dì sílé. Inú mi dùn sí i, ó sì tún dùn mí, torí mo mọ iye ìyeyè tó ń jẹrà lábẹ́ igi nílé nígbà òjò.

Umbu jẹ́ ìbátan rẹ̀. Sertão ló ti ń wá, ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò ti ṣọ̀wọ́n. Gbòǹgbò igi náà ní kókó ńláńlá tó ń tọ́jú omi pamọ́, ìyẹn ló ń gbé e la ọ̀gbẹlẹ̀ já. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta ló pọ̀ jù lọ́jà. Àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bó bá pọ́n, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ èyí tó ti tó jẹ. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ fi eyín ṣí orí rẹ̀, kí ẹ fa inú rẹ̀ mu. Lítà ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n rẹ̀, agolo ni wọ́n sì fi ń bù ú, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí. Ẹ wo inú agolo náà kí ẹ tó sanwó. Ní ìsọ̀ kan, èyí tó ti jẹrà ni wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ tèmi.

Síbẹ̀, mangaba ni ahọ́n mi yàn láàyò. Wọn kì í jẹ èyí tí kò tíì pọ́n, torí oje funfun tó ń lẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ó sì korò. Èyí tó bá já bọ́ fúnra rẹ̀ ló dára jù. Bẹ́ẹ̀ ni kò tóbi, ara rẹ̀ sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀ débi pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lágbára, ó ti fọ́. Funfun ni inú rẹ̀. Ó ń yọ́ lẹ́nu, ó dùn, ó kan díẹ̀, òórùn òdòdó sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ètè máa ń lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ àgbálùmọ̀ rí kò ní bẹ̀rù ìyẹn. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí i, ẹ rà á, torí kì í wà lọ́jà ní gbogbo ìgbà.

Mo dàgbà láàárín oko kòkó ní ilẹ̀ Oǹdó, mo ti ń lá ara funfun tó bo kóró rẹ̀ láti kékeré. Ohun tí n kò rí rí ni kí wọ́n máa ta omi rẹ̀ fún mímu. Gúúsù Bahia, níhà Ilhéus, ni kòkó ti pọ̀, omi tó ń ro lára kóró tútù kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mel de cacau. Ẹ mu ún ní tútù, lọ́jọ́ tí ẹ rà á, torí kì í pẹ́ kan. Nílé, abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo omi yẹn ń dà sí.

Mi ò lè yin jaca bí mo ṣe yin àwọn yòókù. Éṣíà ni àwọn Potogí ti gbé e wá, ẹyọ kan lè wúwo ju ogún kílò lọ, òórùn rẹ̀ á sì ti pàdé yín kí ẹ tó rí i. Oríṣi méjì ló wà. Jaca mole ń yọ̀ lọ́fun, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Jaca dura ni kí ẹ bèèrè, ó ṣeé fi eyín jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ la odindi, ẹ fi òróró pa ọwọ́ àti ọ̀bẹ kí oje rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ yín. Kóró rẹ̀ tí wọ́n sè dùn mọ́ mi ju èso náà lọ.

Sapoti, ìbátan àgbálùmọ̀, dùn púpọ̀, kò sì kan rárá. Ẹyọ kan tó. Kajú ń bẹ níbẹ̀ náà, ẹ má wọ aṣọ funfun lọ jẹ ẹ́.

Fún èso nìkan, máàkì márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún ọjà yìí. Fún ìrọ̀rùn rírìn, mẹ́ta. Ọ̀nà inú rẹ̀ há, ilẹ̀ máa ń tutù, òórùn ẹran àti ẹja sì le nígbà tí oòrùn bá ti mú. Òwúrọ̀ ló dára jù, bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí fóònù yín sì wà lápò. Owó réàlì kéékèèké ni kí ẹ mú dání, torí Pix, ètò fífi fóònù san owó láti báńkì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sanwó níbẹ̀ báyìí, kò sì rọrùn fún ẹni tí kò ní àkáǹtì ní Bràsíl láti lò ó. Ẹ kí wọn ní «bom dia» (ẹ káàárọ̀) kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ wá bèèrè pé «posso provar?» (ṣé mo lè tọ́ ọ wò?). Nígbà tí mo bá ti bèèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń gé èso fún mi láti tọ́ wò, àwọn ìyá tó dàgbà sì máa ń sọ fún mi èyí tí àkókò rẹ̀ ti tó. Ẹ gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, kódà bó bá jẹ́ pé èso mìíràn lẹ tìtorí rẹ̀ wá.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í jẹ́ kí àlejò gbé èso tútù wọlé, nítorí náà ẹ jẹ tiyín tán níbẹ̀. Èyí tó ṣeé gbé ni umbu tí wọ́n sè mọ́ ṣúgà sínú ìgò. Mo fi í jẹ búrẹ́dì nígbà tí mo délé, ó sì dára gan-an. Ẹ ra ju ìgò kan lọ.