Èèkù Ìbọn Ìléwọ́ Tí A Fi Ayédèrú Eyín Erin Ṣe: Àgbéyẹ̀wò Ẹni Tó Ń Lò Ó

Ìbọn ìléwọ́ tí mo ra èèkù yìí fún ni Colt Single Action Army, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1873, tí àwọn ará Texas níbi tí mò ń gbé kò sì tíì yé fẹ́ràn. Èèkù dúdú tó ní àwòrán ẹyẹ idì ló bá a dé. Kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n èèkù aláwọ̀ eyín erin ló wù mí, bó ti wu George Patton, ọ̀gágun ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹni tí èèkù Colt tó rà ní ọdún 1916 jẹ́ ojúlówó eyín erin.

N kò ro ojúlówó rárá ní tèmi. Láti oṣù Keje ọdún 2016 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn fi lè ta eyín erin ilẹ̀ Áfíríkà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, àfi àwọn ohun àtijọ́ tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún àti ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ mìíràn. Ká tilẹ̀ ní kò sí òfin kankan, n kò lè fara mọ́ kí a pa erin nítorí ohun tí n ó máa dì mú níbi tí a ti ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá. Ayédèrú tó dára ni mo wá, lọ́wọ́ ẹni tí yóò pè é ní ayédèrú láìfi bò.

Irú rẹ̀ pọ̀. Sẹ́lúlọ́ìdì, irú ike àtijọ́ kan tí John Wesley Hyatt ṣe nílùú Albany nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí yóò rọ́pò eyín erin nínú bọ́ọ̀lù bílíádì, ṣì wà lára àwọn ìbọn àtijọ́. Ẹ má rà á, bó ti wù kó lẹ́wà tó: kíá ló ń gbiná, bó bá sì ti ń gbó, oró tó ń jáde lára rẹ̀ a máa jẹ irin tó bá wà nítòsí. Egungun màlúù dùn ún wò, ṣùgbọ́n àwọn ihò tíntìntín tó dúdú lára rẹ̀ ló ń tú u fó. Micarta, èyí tí wọ́n fi aṣọ tàbí bébà tí a rì sínú résìn (oje oníkẹ́míkà tó máa ń le bí ike) ṣe, le ju gbogbo wọn lọ. Résìn polyester tí wọ́n dà ní ìpele-ìpele ni mo mú, nítorí pé òun ló sún mọ́ eyín erin jù lójú, owó rẹ̀ kò sì tó 100 dọ́là.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni irú tí wọ́n ní kò nílò iṣẹ́ kankan, pé kí a ṣáà fi skúrù dè é. Àlàfo tó gba èékánná wà láàárín rẹ̀ àti irin ìbọn tí èèkù ń jókòó lé, nísàlẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ funfun láṣejù. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀gbà eyín erin tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ fín mọ̀ pé àwọ̀ òrí ló ní, pé ìmọ́lẹ̀ a sì máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀. Mo dá a padà, mo ra irú tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé tóbi ju irin lọ, kí olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè bá a mu. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ rà, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń dán irin èèkù Colt, ìdí nìyí tí ti ìbọn kan kì í fi í bá òmíràn dọ́gba.

Ẹ yọ gbogbo ọta, kí ẹ sì yẹ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú ohunkóhun. Mo fi èéfín àbẹ́là kun etí irin níbi tí orí èèkù ti ń kàn án, mo rọra tẹ èèkù mọ́ ọn. Ibi tí dúdú bá lẹ̀ mọ́ ni ó ga jù, ibẹ̀ ni mo fi fáìlì tín-ín-rín ha, títí tí àmì náà fi gba gbogbo etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni mo fi tẹ́ẹ̀pù bo irin kí ó má baà họ, mo fi sáńpépà 220, 400 àti 600 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń kúnná sí i) tí mo rẹ sínú omi yún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀. Omi yìí ṣe pàtàkì, nítorí eruku résìn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró; ẹ bo imú pẹ̀lú. Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo wọ́ èékánná láti orí irin bọ́ sórí èèkù, kò sì kọ́ mi níbì kankan.

Lọ́wọ́, ó ń dán, ó sì ń yọ̀ díẹ̀. Lórí Colt irú èyí, kì í ṣe àléébù, nítorí ìbọn náà máa ń yí sókè nínú àtẹ́lẹwọ́ bó bá ti dún, èèkù tó bá ṣe págunpàgun a sì máa bó awọ. Lórí ìbọn mìíràn tó yẹ kó dúró gbọin-in lọ́wọ́, n kò ní fi í sí i.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀ èèkù. Níbẹ̀, ojúlówó eyín erin a máa fi ìlà wẹ́wẹ́ hàn, tí wọ́n dábùú ara wọn. Tèmi kò ní ju ìlà gbọọrọ gbọọrọ tí ìpele résìn fi sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé ayédèrú ni, ìyẹn kò sì dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ẹ má fún skúrù rẹ̀ le jù, kí ó má baà sán, kí ẹ sì tú u kúrò kí ẹ tó fi ohunkóhun tó ní acetone (kẹ́míkà tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò) nínú fọ ìbọn, nítorí yóò ba dídán rẹ̀ jẹ́.