Asẹ́ Èédú Onítáǹkì Méjì fún Omi Ibùdó Ológun

Níbi tí PFAS (àwọn kẹ́míkà àtọwọ́dá tí kì í jẹrà bọ̀rọ̀) inú fóòmù panápaná ti ba omi jẹ́ ní ibùdó ológun Amẹ́ríkà, asẹ́ yìí ṣì ni a fọkàn tán jù. Omi ń gba táǹkì kìíní bọ́ sí èkejì. Bíi ìṣẹ́jú 10 ló yẹ kó lò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ ti máa bu omi fún àyẹ̀wò. Tí PFAS bá ti yọjú níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ èédú ti àkọ́kọ́, kí èkejì di aṣíwájú. Àléébù rẹ̀ ni pé PFBA (ọ̀kan lára àwọn PFAS kéékèèké) tètè ń já kọjá, pàápàá tí ìdọ̀tí ewé jíjẹrà bá ti gba àyè lára èédú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé omi sísè: omi á fà, PFAS á ṣẹ́kù síbẹ̀.