Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹni Tó Ń Ta "Yankari Àlọ-àbọ̀ Ọjọ́ Kan" ní Abuja

Ẹ̀yin ará wa ní Kubwa, Nyanya, Lugbe àti gbogbo agbègbè Abuja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ọkùnrin kan ń polówó lórí WhatsApp àti Instagram pé òun ń kó èèyàn lọ wo ẹranko igbó ní Yankari, igbó àwọn ẹranko tó wà ní ìpínlẹ̀ Bauchi, pé ẹ ó jáde ní ìdájí, ẹ ó sì padà wá sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ kan náà. ₦120,000 ló ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní owó mọ́tò, oúnjẹ, owó géètì àti owó ọkọ̀ tí wọ́n fi ń yí inú igbó ká, gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀. Irọ́ ni. Ó ti gba tèmi àti tàwọn ọ̀rẹ́ mi, ó sì ṣì ń gbà á lọ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì.

Ọ̀nà nìkan ti tó láti tú àṣírí ẹ̀. Láti Abuja, ẹ ó gba Keffi, ẹ ó gba Akwanga, ẹ ó gun òkè Jos kí ẹ tó sọ̀ sí Bauchi. Ó ju kìlómítà 400 lọ. Láti ìlú Bauchi, ó tún lé ní kìlómítà 100 kí ẹ tó dé Wikki, nínú igbó Yankari, tí ilé àlejò wà. Ẹni tó bá jáde ní ìdájí, ọjọ́ á ti rọ̀ kó tó débẹ̀, ká tiẹ̀ ní mọ́tò ò bàjẹ́, ká ní sójà àti ọlọ́pàá ò dá a dúró lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀, àárọ̀ àti ọ̀sán ni ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wo ẹranko máa ń jáde. Ta ló wá fẹ́ yí padà sí Abuja lóru ní ọ̀nà yẹn? Ẹni tó bá ń lọ Yankari, ó ń lọ sùn níbẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tiwa, aago márùn-ún ìdájí tí ọkùnrin náà ní a ó kúrò ní Berger di aago mẹ́jọ. Ìgbà tá a fi dé géètì Mainamaji tí wọ́n ń gbà wọ Yankari, ilẹ̀ ti ń ṣú. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gba rìsíìtì wa, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, ó pe ẹnì kejì ẹ̀ kó wá wò ó. Ó wá bi wá pé, "Wa ya ba ku wannan?" Ta ló fún wa nírú ìwé yìí? "Yankari National Park" ló wà lórí ẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú àmì ìjọba àpapọ̀. Lóòótọ́, ní 1991 ìjọba àpapọ̀ sọ Yankari di ti wọn, ṣùgbọ́n láti 2006 ló ti padà sọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi, Yankari Game Reserve ló sì ń jẹ́. Ayédèrú pọ́ńbélé ni rìsíìtì náà. A pe ọkùnrin náà, ó ti pa fóònù. Dírẹ́bà búra pé owó àlọ nìkan ló fún òun. Ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wa ló ń sọ "don Allah", ẹ jọ̀ọ́, ṣáá títí wọ́n fi ṣàánú wa, a tún owó géètì san, a wọlé. Kò gba yàrá kankan sílẹ̀ fún wa. Inú bọ́ọ̀sì làwọn obìnrin àárín wa sùn mọ́jú, ọ̀kan nínú wọn sì lóyún. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn fọ́tò tó fi ń polówó: àgùfọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì ní Yankari. Wọ́n kó irú wọn láti Namibia wá sí Sumu, ọgbà ẹranko mìíràn ní ìpínlẹ̀ Bauchi náà, ṣùgbọ́n Sumu kì í ṣe Yankari. Ó tún ń ṣèlérí pé dandan ni kí ẹ rí kìnnìún. Kìnnìún tó kù nínú igbó yẹn kéré gan-an, ẹni tó bá mọ igbó ò jẹ́ ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Erin ni Yankari fi ń yangàn, torí ibẹ̀ ni erin pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá ti gbẹ níbòmíràn, ni wọ́n máa ń wá mu omi ní odò Gaji. Oṣù kẹjọ pàápàá, ọkùnrin yìí ń kó èèyàn jọ, nígbà tí koríko ti ga ju èèyàn lọ tí ẹranko sì ti fọ́n ká.

Ohun mìíràn tó yẹ kó ta yín lólobó: àkáǹtì ara ẹ̀ ló máa fi ránṣẹ́, á sì ní kí ẹ má kọ Yankari síbẹ̀ rárá, kí ẹ kọ "owó oúnjẹ". Tí báńkì bá wá béèrè, á ní ẹ ta òun lọ́rẹ ni.

Kò yẹ kí olè yìí lé yín kúrò ní Yankari o. Lọ́jọ́ kejì, a fowó ara wa gun ọkọ̀ wọn, a rí erin, tìyátọmọ, wọ́n ń fi imú wọn da omi sára. Omi Wikki tó ń sun láti abẹ́ àpáta, 31°C ni lọ́sàn-án lóru, ó mọ́ débi pé ẹ ó rí yanrìn ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ ṣáà di oúnjẹ yín mú, àwọn ìnàkí ibẹ̀ ń já a gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ẹ dáwó jọ, ẹ háyà bọ́ọ̀sì fúnra yín, ẹ bá àwọn tó ń bójú tó Yankari sọ̀rọ̀ nípa yàrá kí ẹ tó kúrò nílé. Owó géètì, géètì ni kí ẹ ti san án. Owó ọkọ̀, Wikki ni kí ẹ ti san án. Ẹ gba rìsíìtì lójú ẹsẹ̀.

Ó ti yí orúkọ ojú ìwé ẹ̀ padà báyìí, ṣùgbọ́n fọ́tò àgùfọn mẹ́ta yẹn ṣì wà lókè ibẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti san ti Kérésì fún un, ẹ má dúró dè é. Ẹ lọ sí báńkì yín lónìí, ẹ lọ fẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. A ti ń kó orúkọ àwọn tí ọkùnrin yìí gba owó lọ́wọ́ wọn jọ, kí ẹjọ́ náà lè jẹ́ ọ̀kan.